Ìyàwó Tí Mo Lọ Wá ní Ilẹ̀ Faransé

Daddy,

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ "mi ọ̀wọ́n" tẹ̀ lé e. Mi ò kọ ọ́. Inú ń bí mi sí yín, ẹ sì ti kú kí n tó rí i sọ fún yín, nítorí náà inú lẹ́tà yìí la ti máa jà á. Wọ́n ní ọmọdé bú ìrókò, ó ń bojú wẹ̀yìn. Èmi ò bojú wo ibì kankan. Orí àga yín ní pálọ̀ ni mo jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì, mo sì ń kọ ohun tó wà nínú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. A sin yín dáadáa. Àwọn ará mọ́sálááṣí kún ilé, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ yín wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, Mummy sì wọlé opó. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ títí di ọjọ́ fídáù, nígbà tí fóònù yín dún lórí tábìlì. Kí n tó débẹ̀, ó ti dákẹ́, obìnrin kan sì ti fi ohùn sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀ bíi ti àwọn ará Faransé. Ó ní yàrá Monsieur, ìyẹn ẹ̀yin, ti wà ní sẹpẹ́ fún August, ó dárúkọ abúlé rẹ̀, ó ní òun ń retí yín.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ilé. Ọdọọdún lẹ ń gba ìsinmi ní August, tí ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ yín wọ ọkọ̀ ojú omi ní Newhaven, tí ẹ ń sọ fún wa pé ẹ fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé, lójú ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà. Ta ló gbà yín gbọ́? Odindi Alhaji, awakọ̀ Peckham, á fi ilé sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì nítorí pé ó fẹ́ lọ wo màlúù? Uncle Rasaki, àbúrò yín, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Brother mi ti níyàwó sí France jàre, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Bó ṣe di òótọ́ nínú ilé wa nìyẹn. Mummy ò bá yín jà. Wọ́n ní ẹ̀sìn gbà yín láyè. Ṣùgbọ́n èmi ń wò wọ́n. Bí July bá ti wọlé, wọ́n á lọ ra lọ́fínńdà tuntun ní Rye Lane, wọ́n á dirun, ọbẹ̀ ilé á sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin tí wọn ò fojú rí rí ni wọ́n ń bá du yín. Lọ́dún kan, wọ́n di ẹja gbígbẹ sínú báàgì yín, wọn ò sì sọ ẹni tí wọ́n dì í fún. Ṣé ẹ tilẹ̀ bi wọ́n?

Mo fẹ́ pe obìnrin náà padà. Mummy já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"A kì í túfọ̀ ọkọ fún ìyàwó lórí phone," ni wọ́n wí. "Èmi ò lè jáde, mo wà nínú opó. Ìwọ lo máa lọ. Book annual leave ẹ. Rọra sọ fún un, kí òun náà lè bẹ̀rẹ̀ opó tiẹ̀. Please, má bá a jà o, ọkọ òun náà ló kú."

Wọ́n di ìborùn tuntun méjì àti dàbínù sínú ọ̀rá fún un. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó pè mí padà.

"Tó bá ti bímọ fún Daddy yín, ya picture ọmọ náà wá fún mi. Àbúrò ẹ ni."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ń tọ́jú orogún wọn, ẹ̀yin sì wà nínú ilẹ̀, ẹ ń sinmi.

Kò sí bọ́ọ̀sì tó lọ sí abúlé yẹn láti Dieppe, èbúté Faransé tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ìdí nìyí tí mo fi gbé kẹ̀kẹ́ yín dání. Mo rẹ ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀. Èébì gbé mi lórí omi, bí mo sì ṣe ń bì ni mo ń to èébú tí mo máa bú obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ Mummy ò wọ̀ mí létí. Mo ti pinnu pé mo máa bá a jà, pé àwọn ará abúlé rẹ̀ á gbọ́ ohùn ọmọ Peckham lọ́jọ́ náà.

Ìyá tó ṣílẹ̀kùn fún mi nílé tí wọ́n júwe lábúlé náà, òun kan náà tó fi ohùn sílẹ̀, á ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ń gé koríko lágbàlá, etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Yàrá òkè ni wọ́n ń fi háyà fún àwọn oníkẹ̀kẹ́, èyí tó jẹ́ tiyín sì ní bẹ́ẹ̀dì kan báyìí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Mo túfọ̀ fún wọn. Ìyá náà sunkún. Ó ní ẹ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, pé ẹ ń jáde láàárọ̀, ẹ ń wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ ń kí wọn, ẹ ń kírun, ẹ ń sùn. Mo bi í bóyá àlejò máa ń wá bá yín, tàbí ẹ máa ń sùn síta. Rárá ni. Mo bi í nípa ẹja gbígbẹ ọjọ́sí. Ajá wọn ló jẹ ẹ́. Ìgbà náà ló wá wojú mi, ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí yín.

"Daughter?" ni ó wí. "Monsieur have a daughter?"

Ó ní òun rò pé ẹ ò lẹ́nìkan láyé.

Gbogbo August tí ẹ lò níbẹ̀, Daddy, ẹ ò dárúkọ wa lẹ́ẹ̀kan. Kí la ṣe fún yín? Ojú wa ń tì yín ni, àbí ẹ ń fi wá sílẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni gbàgbé agboòrùn?

Mo gun ọ̀nà yín lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ rí nǹkan tí mo lè kórìíra, ilé tẹ́tẹ́, ilé ọtí, ohunkóhun. Ojú irin àtijọ́ ni, wọ́n ti hú irin rẹ̀, wọ́n da ọ̀dà dídán sí i fún àwọn oníkẹ̀kẹ́. Màlúù wà ní apá ọ̀tún, igi ápù wà ní apá òsì, àwọn ibùdó rélùwéè àtijọ́ ti di ilé tí àwọn èèyàn ń sá aṣọ síwájú rẹ̀. Mọ́tò kankan ò fọn fèrè. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, oorun sì gbé mi lọ, irú oorun tí mi ò sùn rí látìgbà tí ẹ ti kú. Nígbà tí mo jí, ara mi fúyẹ́. Ó dùn, Daddy. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ẹ mọ̀ pé ó dùn tó báyìí, ẹ sì ń dá a jẹ. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ẹ̀yin tún wá kú, ẹ wá fi igbá yín lé èmi lórí.

Ẹ má fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì bẹ̀ mí. Mo mọ ohun tí ojú yín ń rí láti Peckham dé Lewisham, àwọn tó ń bú yín, àwọn tó ń tutọ́ sí gíláàsì yín, lẹ́yìn náà kí ẹ tún délé bá tẹlifíṣọ̀n tó ń ké àti àlejò tó sùn sí pálọ̀. Ariwo yẹn, Mummy náà ń gbọ́ ọ. Ibo làwọn rí sá lọ?

Mo délé, mo sọ òótọ́ fún wọn. Kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ, ọ̀nà lásán ni. Mo rò pé wọ́n á ṣọpẹ́. Wọ́n gba ọ̀rá náà, wọ́n yọ ìborùn méjèèjì jáde, wọ́n sì tún wọn ká.

"So, gbogbo ọdún yìí, kò sẹ́nì kankan?"

"Kò sí, Ma."

"Alhaji nìkan?"

"Àwọn nìkan, Ma."

Wọ́n ní ká ní ìyàwó ni, àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń bá orogún gbé, inú ilé olórogún ni wọ́n bí àwọn sí. "Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn," ni wọ́n wá sọ. "Ní Ìwó, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo fi ń gbé àwọn àbúrò mi lọ sí school. Daddy yín ò bi mí rí." Wọ́n wò mí. "Road yẹn, ṣé ó fẹ̀ tó èèyàn méjì?"

Ó fẹ̀, Daddy. Tọkọtaya arúgbó kan ń gùn ún níwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, àyè sì ṣì wà fún mi láti kọjá lára wọn. Mo wojú ìyá mi, mo ní tóóró ni, pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Wọ́n mi orí. "Ehn, ó dáa nígbà yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Ẹ má rò pé nítorí yín ni mo fi pa irọ́ yẹn.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀, mo sì fẹ́ràn yín,
Àkọ́bí yín.