Ìwé Ẹ̀rí Tí Mo Kọ fún Pius Kúkù

Adánkólò,
Lọ́kọ́ja.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 1963.

Ìyá Olúṣínà, ọ̀rẹ́ mi,

Mo máa ń fi "ọ̀wọ́n" kún un tẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò lónìí, o óò sì mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò gbà kí n bá ènìyàn jà láìkọ́kọ́ kí i. Nítorí náà, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá Olúṣínà ń kọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Àwọn ọmọ ń kọ́, àti Màmá ní Ìyàrá? Mo gbàdúrà kí ara gbogbo wọn le, nítorí wọn kò ṣẹ̀ mí. Àwa náà wà níbí. Ooru ń bá wa fínra, òjò ń ṣe ojo, Ìdòwú sì mú ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n má kọ ìwé yìí, pé kí n jẹ́ kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀. Inú mi kò rọ̀, mo sì ń kọ ọ́.

Mo ti lé Pius kúrò nílé mi.

Pius kúkù tí o fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn Kérésì ni mò ń wí, òun pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ. O ní ó mọṣẹ́, o ní olóòótọ́ ni, kò mutí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà sí i lọ́rùn. O ní bí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ dín ìnáwó ilé kù, ẹ kò ní jẹ́ kó lọ. Mo fi ìwé náà han Bàbá Ìdòwú, mo ní kí wọ́n wá wo ohun tí ọ̀rẹ́ ń ṣe fún ọ̀rẹ́. Mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó mọ oúnjẹ sè. Bàbá Ìdòwú tí wọn kì í fẹ́ jẹun alẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti ọ́fíìsì dé.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo mú un lọ sí Nàtàkó kí ó lè mọ àwọn tí à ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Ìyá Mùkáílà, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ́rọ̀, tó ń ta ẹja gbígbẹ àti epo lẹ́bàá ọ̀nà, wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì bi mí bóyá tèmi ni. Mo ní tèmi ni. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ìwé rẹ wà nínú báàgì mi. Mi ò mọ̀ pé lójú àwọn obìnrin yẹn, ẹni tó bá ti sọ pé "tèmi ni" níwájú ìsọ̀ ti di onígbọ̀wọ́ ẹni náà nìyẹn. Bí ó bá rajà láwìn, orúkọ mi ló fi rà á.

Ó sì rà á. Mi ò mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá Ìyá Mùkáílà lórí ẹní ní ẹnu ọ̀nà wa. Mo kí i, ó dáhùn dáadáa, ó béèrè ọmọ. Ìgbà tó kí mi tán, ó ní òun wá dógò ni, òun kò sì ní dìde níbẹ̀ àfi bí òun bá gba owó ẹja àti owó epo òun. Mo ní mi ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, mi ò ní o jẹ mí. Ẹni tí o ní tìẹ ni ló jẹ mí. Bá mi pè é."

O mọ àṣà náà bí mo ti mọ̀ ọ́n. A kì í lé ẹni tó bá dógò, a kì í sì í fi ebi pa á. Nítorí náà ó di dandan kí n fún un lóúnjẹ, ta ni yóò sì sè é bí kò ṣe Pius? Ó gúnyán, ó gbé e síwájú ẹni tó wá sin ín lówó, ẹja inú ọbẹ̀ náà sì jẹ́ ẹja tí kò tíì san owó rẹ̀. Ìyá náà jẹ ẹ́ tán, ó ṣan ọwọ́, ó ní ọmọ náà mọ ọbẹ̀ sè, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeni láàánú. Pius kò gbójú sókè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá Bàbá Ìdòwú ní ọ́fíìsì yà kí wa. Ará Kàtsínà ni. Kí n tó gbé àga jáde, Ìyá Mùkáílà ti kí i ní Hausa, ó sì ti fi Hausa ro ẹjọ́ wa fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá náà rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀ kọjá, ó wọlé, ó mu omi, ó bi wá léèrè ilé, ó sì lọ. Ojú tì mí, Patricia. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún bí ẹni tó jalè.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ ni mo pe Pius, mo ní kó sọ ibi tó ń kó owó oṣù rẹ̀ sí, nítorí mi ò jẹ ẹ́ lówó rí. Ó dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ sọ. Mo ní bí kò bá sọ ọ́ fún mi, yóò sọ ọ́ fún ọlọ́pàá.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ìyá Olúṣínà ni mò ń fi ránṣẹ́ sí."

Ó ní nígbà tí bàbá òun kú ní Bùnú ni o yá òun lówó ìsìnkú. Nígbà tí òun kò rí i san, o ní o máa bá òun wá ilé tí owó oṣù ibẹ̀ ju tìrẹ lọ, o sì máa kọ ìwé rere fún òun, kí òun ṣáà máa fi owó náà ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò gbà á gbọ́. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ bá Mákánjúọlá tó ń wa lọ́rì Kàbbà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mi ò mọ̀ ni, òun kúkú ni òun ń gbé owó náà wá fún ọ lóṣooṣù. Nítorí náà, owó tí mò ń san ń lọ sí Kàbbà, ìyàwó àti àwọn ọmọ Pius tó wà ní Kàráwọ̀rọ̀ sì ń jẹ ẹja àwìn ní orúkọ mi.

Owó rẹ ni, mi ò ní kí o má gbà á. Bí o bá kọ ọ́ sí mi pé, "Rebecca, ọkùnrin yìí jẹ mí ní gbèsè, bá mi yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀," ṣé mo máa kọ̀ ni? O mọ̀ pé mi ò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n o bo gbèsè mọ́lẹ̀, o fi ìyìn dì í, o sì gbé e ránṣẹ́ sí mi. Ìdáná mi lo sọ di oko tí o ti ń kórè. Èmi tí mò ń fi orúkọ rẹ búra níwájú ọkọ mi!

Mo lé Pius síbẹ̀síbẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ mi rajà láìsọ fún mi kò lè dáná nílé mi mọ́, ohun yòówù kó fà á. Ìyá Mùkáílà ni mo kó owó oṣù ìkẹyìn Pius fún, mo fi tèmi kún un. Ó ká ẹní rẹ̀, ó ṣàdúrà fún Ìdòwú, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Pius padà wá. Àwọn Fadá kan ní Òkènè ń wá kúkù, wọ́n sì ní kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sìn kẹ́yìn. Mo ní kó máa lọ. Kò lọ.

Ó ní, "Ẹ kọ ohun tó bá wù yín, Mà. Bó jẹ́ èébú, ẹ ṣáà kọ ọ́. Ẹni tí kò níwèé, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá a padà. Bí wọ́n bá dá mi padà, kò sí ilé ìwé fún ọmọ mi mọ́, Bùnú ni gbogbo wa ń lọ."

Bàbá Ìdòwú ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn fún un kó máa bá tirẹ̀ lọ, pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo ní ọ̀rọ̀ dídùn ló kó mi sí wàhálà. Mo jókòó, mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ. Èébú ni mo kọ́kọ́ kọ. Nígbà tó yá, mo kọ èyí:

"Pius sìn mí láti lẹ́yìn Kérésì títí di oṣù tó kọjá. Ó mọ oúnjẹ sè ju kúkù èyíkéyìí tí mo ti rí lọ. Ó mọ́ tónítóní, kì í mutí, kò sì fọwọ́ kan owó tàbí ẹrù inú ilé mi rí. Mo lé e nítorí ó rajà láwìn ní orúkọ mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Gbèsè tó jẹ níbòmíràn ló ń gba gbogbo owó oṣù rẹ̀. Ẹ fi owó ọjà lé e lọ́wọ́, ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n má tà á láwìn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbà pé ẹ kò ní kábàámọ̀."

Wọ́n gbà á. Mo ti sọ fún un pé kó máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Owó rẹ yóò máa dé, ṣùgbọ́n yóò máa fà díẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja kò dí.

Bá mi kí Bàbá Olúṣínà. Bá mi kí Olúṣínà, kó múra sí ìwé rẹ̀. Bí o bá dé Ìyàrá, bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá, má sì sọ ìjà yìí fún wọn.

Nígbà tí mo kọ ti Pius tán, mo kọ tìrẹ náà, bóyá ẹnìkan á bi mí nípa rẹ lọ́jọ́ kan. Mo gbìyànjú kí n má ṣe rẹ́ ọ jẹ:

"Mo mọ Patricia Bámiṣayé láti ìgbà tí a ti jọ ń pọn odò. Nígbà tí àwọn ìbejì mi kú, òun ló gba inú òjò wá láti Kàbbà. Òun ló wẹ̀ wọ́n, nítorí ọwọ́ mi kò gbé e. Kò kúrò lọ́dọ̀ mi títí mo fi lè jẹun. Ẹ lè fi òkú yín lé e lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gba ẹ̀rí rẹ̀ lórí alààyè."

Èmi ni ẹni tó gba ìwé rẹ gbọ́,

Rebecca Ọlákúnlé
(Ìyá Ìdòwú)