Èéfín Tí Wọ́n Fi Ọ̀pá Gbà Lórí Ebu Yín

Bàbá mi tó mọ èéfín í kà,

Mo kí yín níbi tẹ́ ẹ wà. Kí Ọlọ́hun fẹ ibojì yín. Ewé tó ṣẹ́kù nínú ìwé tí mo ń lò kí n tó kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Wọ́n ti dé orí ebu èédú yín lọ́nà Goubi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹ́ kí àlejò dúró níbẹ̀ bí igi bá ń jó lábẹ́ erùpẹ̀! Ọmọbìnrin Alhaji kan láti Komah ní Sokodé, tó kàwé gan-an, òun àti ọkùnrin méjì ló gbé ẹ̀rọ wá. Wọ́n ní gáàsì kan wà nínú èéfín wa, kò láwọ̀, kò lóórùn, irú èyí tá a ń mí síta. Ọ̀pá irin á fa èéfín wọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ṣa gáàsì náà sọ́tọ̀ sínú ìgò irin, wọ́n á gbé e lọ Sokodé. Níbẹ̀, omi àti iná oòrùn ni wọ́n á fi sọ ọ́ di nǹkan olómi bí ọtí, tá a lè fi dáná, tí alùpùpù lè mu.

Bàbá kékeré, àbúrò yín, fò dìde: "Ọtí kẹ̀? Ọmọ Alhaji, a kì í pọn ọtí nílé yìí o!"

Ọmọbìnrin náà ní: "Bàbá, ẹni tó bá dán an mu, ẹ̀yin náà lẹ máa kírun sí òkú rẹ̀ lára."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ti Sokodé wá gba èéfín? Èéfín tí dókítà ní ó pa yín? Àbí ilẹ̀ wa ni wọ́n ń wá? Mo wo abẹ́ ẹ̀rọ, mo wo inú ẹrù wọn. Mi ò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Inú Ìyá ń dùn ní tiẹ̀. Bàbá mi, Ìyá ti ń wú ikọ́ yín. Ikọ́ yín gan-an, tó máa ń parí bí ẹni ń ha ìkòkò. Bí ọ̀pá bá ti ń gbé èéfín mì, kì í kọ́ ọ lọ́fun mọ́. Wọ́n ní bí ìdánwò yìí bá yọrí, ẹ̀rọ á dúró tì wá. Bí kò bá yọrí, wọ́n á gbé e lọ sí abúlé Bago.

Ní ọjọ́ kẹta tí igi ti ń jó, wọ́n lọ kírun àlásárì. Mo yọ ọ̀pá náà. Èéfín tó jáde ti fẹ́lẹ́, ó ti rí búlúù bí ọrùn ẹtù, àmì pé igi ti di èédú, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mo sáré fi erùpẹ̀ tútù dí gbogbo ihò. Èédú yè, kò di eérú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti wọ ẹ̀rọ, iṣẹ́ wọn bàjẹ́. Wọ́n ní atẹ́gùn ló fẹ́ ọ̀pá yọ. 

Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní àwọ̀ èéfín ni mo fẹ́ wò. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo yọ ọ́ ni mo tó rí àwọ̀. Nígbà tá a ṣe ogójì yín, wọ́n fi gbogbo aṣọ yín ṣe sàráà, tó fi dé fìlà. Òórùn yín ò sí nílé mọ́. Orí ebu nìkan ló kù sí, wọ́n sì ti rọ ọ̀pá sí i lẹ́nu. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ ń bínú?

Wọ́n ti ń di ẹ̀rọ sẹ́yìn mọ́tò báyìí. Ìyá ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé. Mi ò tíì fọkàn tán wọn, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa fọkàn tán wọn láé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ bá ọmọ Alhaji kí wọ́n tó gbéra. Mo máa ní èmi ni, kì í ṣe atẹ́gùn. Mo máa ní kí wọ́n lu ihò kékeré kan tó ní ìdérí sára ọ̀pá, kí ẹni tó mọ èéfín kà lè máa yọjú wò ó.

Bó bá wá bi mí pé kí ni mo ń wá lẹ́nu ọ̀pá lọ́jọ́ náà, ṣé kí n sọ pé ẹ̀yin ni?

Èmi ọmọ yín, tẹ́ ẹ kọ́ láti máa fi ojú ṣọ́ iná.