Síbéríà Ìyá Àgbà Perl

Ọjọ́ Àìkú, 11 Shevat (oṣù àwa Júù)

Bọ̀ọ̀dá Heshl, ọmọ Ìyá àgbà, pè láti Jerúsálẹ́mù. Òun àti ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa ṣe Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti gbọ́ pé Ọ̀gágun gbàgbé ìkòkò sórí iná lẹ́ẹ̀mejì. (Ọ̀gágun ni mò ń pe Ìyá àgbà nínú ìwé yìí. Lójú wọn kẹ̀? Mi ò tó bẹ́ẹ̀.) Tó bá rí i pé iyè wọn ń ra lóòótọ́, ó máa kó wọn kúrò ní Bnei Brak níbí, wọ́n á lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìn nílé òun.

Ọ̀gágun gbé fóònù sílẹ̀. "Yàrá ẹ̀yìn. Fèrèsé ẹ̀ dojú kọ ògiri." Wọ́n ń bó àlùbọ́sà wọn lọ.

Ọjọ́ Ajé, 12 Shevat

Tsivia, aládùúgbò wa nísàlẹ̀, ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ọmọbìnrin jòjòló. Kí n tó bọ́ bàtà, Ọ̀gágun ti rán mi sí Síbéríà — orúkọ tí wọ́n sọ fìrísà orí fàráńdà nìyẹn. "Mú olówùú búlúù wá fún abiyamọ." Òwú tí wọ́n fi ń di kúgẹ́lì, pòtétò rírin tí a yan, ló ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Òwú búlúù: oníbọ́tà, oúnjẹ wàrà. Òwú pupa: ọ̀rá adìẹ, oúnjẹ ẹran. Òwú funfun: òróró lásán, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn kì í kọ nǹkan kan sára ẹ̀. Yíǹkì a máa ṣí nínú òtútù, wọ́n ní. Òwú kì í ṣí.

Mo fẹ́ràn kí n máa wo ọwọ́ wọn. Pòtétò tí iná ò tíì kàn, tó bá wọ òtútù, dúdú ló ń jáde. Nítorí náà wọ́n á yan án jinná ná, wọ́n á jẹ́ kó tutù débi tí ẹ̀yìn ọwọ́ lè sinmi lé e. Tó bá fi ooru wọlé, òógùn ara ẹ̀ ló máa di yìnyín. Bébà kọ́kọ́, kí fọ́ìlì tó kàn. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, tààrà sínú ààrò, láìdé e. "Bò ó, á làágùn. Ṣí i sílẹ̀, èèpo ẹ̀ á tún le." Ti wàrà nínú ààrò kékeré, ti ẹran nínú ààrò ńlá. Láéláé: òfin ẹ̀sìn wa ò gbà kí wàrà àti ẹran pàdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Shevat

Wọn ò gbàgbé nǹkan kan lónìí. Mò ń ṣọ́ wọn bí ọlọ́pàá. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, 14 Shevat

Mo mú Ọ̀gágun lọ fi ẹsẹ̀ han dókítà. Kí a tó padà, Àǹtí Brayndl, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Heshl, ti ṣáájú ọkọ ẹ̀ dé. (Ìgbálẹ̀ ni mò ń pè é. Kò burú. Ibi tó mọ́ náà ló máa ń gbá.) Ilẹ̀ ń dán. Ó ti tún fìrísà tò, "kí ọwọ́ Màámi lè dilẹ̀ díẹ̀." Ọ̀gágun dúpẹ́, wọ́n lọ rọ̀gbọ̀kú. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ti kó àpò dúdú méjì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 15 Shevat

Èmi àti Ọ̀gágun ṣí Síbéríà. Abọ́ tuntun, ọ̀kan bí èkejì. Kò sí òwú kankan. Kí àyè lè gbà á, Ìgbálẹ̀ ti gé gbogbo kúgẹ́lì wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n pọ̀ bó ṣe bá a lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ́ díẹ̀, wọ́n sì ti dì mọ́ra padà. Bọ́tà àti ọ̀rá adìẹ, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nílé tiẹ̀, òróró nìkan ni wọ́n fi ń ṣe kúgẹ́lì. Kò mọ̀ pé òwú ń sọ nǹkan. A ò lè jẹ ẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Mo ní màá sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀gágun di ọwọ́ mi mú. Ẹni tó bá dójú ti ọmọnìkejì ẹ̀ lójú èèyàn, wọ́n ní, bí ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni. "Ìyàwó ọmọ mi ni. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. O ò gbọdọ̀ sọ."

Bọ̀ọ̀dá dé nírọ̀lẹ́. Kúgẹ́lì ọlọ́ràá adìẹ ló kọ́kọ́ béèrè, èyí tó fi dàgbà. Síbéríà ò tíì sí nílé nígbà tiẹ̀. Kò mọ òwú.

"Heshl, mi ò mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́ nínú wọn."

Òótọ́ ni. Ìdajì rẹ̀. Àǹtí wo ojú ọkọ ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá rọra sọ pé tí Ìsinmi bá ti jáde, a máa di ẹrù wọn.

"Ó dáa, ọmọ mi," ni Ọ̀gágun fi dáhùn.



Ọjọ́ Ẹtì, 16 Shevat

Láti ìdájí la ti ń rin pòtétò. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò jókòó. Àǹtí ní ẹ̀rọ ń rin ín nílé àwọn. "Brayndl, kúgẹ́lì tí kò bá ha èèkánná ẹni, kò lè dùn." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i, ẹ̀rín yẹn.

Oòrùn ń lọ, Ìsinmi ń wọlé, a kì í sì í kọ̀wé nínú ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ gbé bírò sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìsinmi ti jáde

Lọ́sàn-án, àwọn ọkùnrin wà ní sínágọ́gù. Tsivia gbé ọmọ gòkè wá dúpẹ́. Ó ní ìyá ọkọ òun fẹ́ gbé kúgẹ́lì náà síwájú òun pẹ̀lú ọbẹ̀ adìẹ. "Mo ní, Màámi, ẹ má jẹ́ ká rú òfin o, ẹ ò rí òwú búlúù?"

Àǹtí Brayndl ní òwú wo. Tsivia kà á fún un, búlúù, pupa, funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi ọmọ. Ọwọ́ Àǹtí dúró lórí aṣọ tábìlì. Ó wo Ọ̀gágun. Ọ̀gágun ń bi Tsivia bóyá ọmọ ń sùn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àbẹ́là ìdágbére Ìsinmi ni Àǹtí sọ ọ́, ní ìdúró, lójú gbogbo wa: òun lòun da òwú nù, òun lòun pò wọ́n pọ̀, iyè Màámi pé ju tòun lọ. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. Mi ò rò pé ó ní irú ẹ̀ nínú.

Bọ̀ọ̀dá jókòó. "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ìwọ ò bi mí."

Kò dárúkọ ẹrù mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Shevat

Wọ́n ti lọ. Àǹtí kọ́kọ́ jókòó bó pòtétò pẹ̀lú wa. Síbéríà ti ṣófo, ó sì yẹ ká kún un. Ọ̀gágun ń yọ ọ́ lẹ́nu pé èèpo tó ń bó nípọn tó láti fi ran bàtà.

Lẹ́yìn tó lọ, mo bi wọ́n: bí Àǹtí ò bá sọ ńkọ́?

"Mà bá lọ," ni wọ́n wí. Ojú wọn ò kúrò lára pòtétò.