Wọn Ò Gba Sẹ́fà Lọ́wọ́ Mansour

Ìyá Rachidatou,

Mo pè ọ́ títí, fóònù rẹ kò wọlé lóko. Ọ̀kadà gbá àbúrò mi Mansour l'Ábẹ́òkúta lánàá. Wọ́n ní kó sanwó nílé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kọ káàdì báńkì rẹ̀, wọn ò sì gba owó sẹ́fà wa. Ó pè mí láàárọ̀ yìí: "Ẹ̀gbọ́n, owó ń bẹ lápò mi, àmọ́ ẹ bá mi wá náírà." Mo sáré lọ ṣẹ́ owó lọ́jà. Nígbà tí mo pè é padà, nọ́ọ̀sì ló gbé fóònù rẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ sáré mọ́.

Mò ń lọ gbé e wálé. Bá mi sọ fún Ìyá wa. Mo jókòó tì wọ́n, ẹnu mi kò gbà á.

Bàbá Rachidatou