Ẹ Jẹ́ Kí N Wọ Kíláàsì Ìṣirò Ìgbà Ooru Kí Curtis Tó Di Wolé-wolé

Ilé-iṣẹ́ Òrùlé Koehn,
418, Òpópónà Mulberry,
Harlan Fork, Kansas.
Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Dókítà Annette Sayler,
Ọ̀gá Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Cottonwood Bend,
Harlan Fork, Kansas.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ BUWỌ́ LÙ Ú KÍ N LÈ WỌ KÍLÁÀSÌ ÌṢIRÒ ILÉ KÍKỌ́ NÍ ÌGBÀ OORU YÌÍ

Mo gba méjìlélọ́gọ́rin. Tọ́sìdè tó kọjá ni, nínú ìdánwò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín fi ń mọ ẹni tó lè wọ kíláàsì ìṣirò. Àádọ́rin lẹ ní ká gbà, mo fi méjìlá lé e. Curtis Ballew gba mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo mọ̀ torí pé mo bi í.

Èmi ni Verlin Koehn. Bí yìnyín bá ti ba òrùlé jẹ́ ní ìlú èyíkéyìí ní káńtì yìí, èmi ni wọ́n ń pè. Kíláàsì kẹjọ ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní ó tó, kí n wá bá òun lóko. Àkàbà kan tí mo yá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló ní orúkọ mi lára, mo sì ti kan òrùlé ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá. Ti ilé ìkàwé yín wà nínú wọn. Ẹ gbójú sókè bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ibi tó ń jò.

Orúnkún mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Dókítà tó wò ó ní ilé ìwòsàn ní bí mi ò bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé, kò ní ju ọdún méjì lọ tí wọ́n á fi irin sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ott, wolé-wolé káńtì wa, ẹni tó ń gun ilé tuntun láti wò ó bóyá wọ́n kọ́ ọ dáadáa, sì ń fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà sípò rẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àbẹ̀wò ilé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, kó sì mú un dé káńtì kí oṣù Kẹjọ tó parí. Mo ti ṣe gbogbo kíláàsì rẹ̀ tán, ó ku ìṣirò. Curtis náà ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ìṣirò.

Kí n sọ ẹni tí Curtis jẹ́ fún yín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wá bá mi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dúró lórí òrùlé tó dà gẹ̀rẹ̀ tí kò fi ní já bọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gba owó oṣù lọ́wọ́ mi. Báyìí, ó ti ra báàgì ìwé tuntun. Àwọn olùkọ́ ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ballew, wọ́n sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Nínú kíláàsì òfin ilé kíkọ́, ó gba B, èmi gba C, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un nínú ọkọ̀ bí a bá ń bọ̀. Mo ń jowú rẹ̀, ẹ̀yin Ọ̀gá. Mi ò ní fi bò fún yín. Bó bá gba iṣẹ́ yẹn, òun ló máa wá máa gun àkàbà mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí á máa sọ fún mi pé kí n tú ibí, kí n tún un kàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ nìyí. Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, èmi àti Curtis jọ wà nínú kíláàsì ìṣirò yìí kan náà. Yìnyín tó tó ẹyin adìẹ rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, igba òrùlé bàjẹ́, àwa méjèèjì ò sì lọ sí kíláàsì mọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, a ti yọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò ní kọ ìwé, a ò sì ní bi í. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, èsì dé: F. Curtis ti kún fọ́ọ̀mù pé òun ti kúrò nínú kíláàsì, W ni ẹ kọ fún un, W kì í sì í ba nǹkan kan jẹ́. F tèmi bá D tí mo gbà nínú ìwé kíkọ, àwọn méjèèjì fà mí wálẹ̀ títí ẹ fi kọ orúkọ mi mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣọ́ nítorí èsì wọn. Òfin yín sì ní ẹni tí ẹ bá ń ṣọ́ kò lè wọ kíláàsì ìgbà ooru àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá buwọ́ lù ú.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Míìsì Pruett tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Koehn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń kó sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ o. Ẹ ò rí ti mẹ́rìndínlógún ṣe, ti mẹ́jọ lẹ wá fẹ́ ṣe?"

Mo ní, "Mà, òrùlé tí àwọn yòókù ń fi ọjọ́ mẹ́rin kàn, ọjọ́ méjì ni mo fi ń kàn án."

"Èyí kì í ṣe òrùlé, sà."

"Mo mọ̀. Òrùlé kì í ní kí n wá x."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi. Ó ní bí mo bá tún gba F kan sí i, ẹ máa ní kí n lọ jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, kí n yáa dúró de sáà tó ń bọ̀. Bí mo bá dúró, oṣù Kejìlá ni màá tó parí. Curtis á ti máa wa ọkọ̀ káńtì kiri ìlú nígbà yẹn.

Lorna ìyàwó mi, tó ń tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́ wa, bi mí pé, "Verlin, ìṣirò lo fẹ́ kọ́ ni, àbí Curtis lò ń lé?"

Mo ní, "Méjèèjì."

"Èwo ló pọ̀ jù?"

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi. Ó ní, "Ó dáa, lọ. Ṣùgbọ́n bó o bá tún fi sílẹ̀ lágbedeméjì, má wá sọ fún mi pé yìnyín ni o."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò ó. Ní ìgbà ooru, agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la ń gun òrùlé, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, torí pé òrùlé á ti gbóná débi tí á máa yọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Kíláàsì yín jẹ́ agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́wàá, Mọ́ńdè dé Tọ́sìdè. Àárín wákàtí tó ń bọ́ wa gan-an lẹ fi sí. Síbẹ̀, mo ti pinnu, màá lọ. Mo ti fi ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé Lorna àti Hector Ruelas lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ mi. Mo ti sọ fún oníbàárà mẹ́sàn-án pé wọn ò ní rí èmi fúnra mi lórí òrùlé wọn. Méjì nínú wọn ti gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, Curtis bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi mẹ́jọ jù mí lọ! Kí ló dé tẹ́ ò tíì forúkọ sílẹ̀? Àga kan ṣoṣo ló kù o."

Mo ní, "Ẹnì kan mọ̀ pé fọ́ọ̀mù wà lọ́jọ́sí, kò sọ fún mi."

Ó wò mí. "Ọ̀gá, mo fún yín. Mo fi há inú ọkọ̀ yín, níbi tẹ́ ẹ máa ń fi ìwé há lókè orí yín."

Mo ní irọ́ ló ń pa, mo sì sọ ọ́ níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá.

Ní Sátidé, mo ń kó ẹrù mi kúrò nínú ọkọ̀ kí n lè gbé e fún Hector. Mo rí fọ́ọ̀mù náà níbi tó ní òun fi há. Curtis ti bá mi kọ orúkọ mi sí i, ìbuwọ́lù mi nìkan ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ohun tí èmi fúnra mi fi pẹ́ńsù kọ: ìwọ̀n òrùlé Ìyá Janzen, oníbàárà mi kan. Mo ti rí bébà tó mọ́ lẹ́yìn, mo sì lò ó. Ní Sọ́ńdè, mo lọ tọrọ àforíjì lẹ́nu ọ̀nà Curtis. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ yé dúró síta, ẹ wọlé wá jẹ páì." Mo jẹ ẹ́. Páì náà dùn, ìyẹn náà sì bí mi nínú.

Nítorí náà, mi ò lè sọ fún yín mọ́ pé ẹnikẹ́ni ló ṣẹ̀ mí. Mo ti fi fọ́ọ̀mù náà sínú ìwé yìí. Bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ ó rí ọkùnrin tí kò buwọ́ lù ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà. Òrùlé Ìyá Janzen dà sí ọ̀nà mẹ́fà, ó tún ní fèrèsé méjì tó yọ jáde lára rẹ̀. Orí itan mi ni mo ti ṣírò rẹ̀. Ìdì ohun ìbolé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo rà, mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Ẹ fún olùkọ́ ìṣirò yín wò, kó sọ bóyá ẹni tó ṣe èyí kò lè ṣe tiyín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Mi ò ní kí ẹ pa F náà rẹ́. Èmi ni mo ni ín. Kí ẹ buwọ́ lù ú kí n jókòó ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bó bá tún fẹ́ bàjẹ́, èmi fúnra mi màá kún fọ́ọ̀mù lọ́tẹ̀ yìí. Bí a bá sì jọ jókòó tán tí Curtis gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́, màá bá a di àkàbà mú kó gùn ún. Ṣùgbọ́n ká jọ jókòó ná.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi tí mo ń retí ìbuwọ́lù yín,

Verlin Koehn,
Olùdásílẹ̀ àti Ọ̀gá, Ilé-iṣẹ́ Òrùlé Koehn,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín.

Àfikún: Mo ti gbé owó kíláàsì náà lọ, akápò yín ní ẹ̀rọ kò ní gbà á láìsí ìbuwọ́lù yín. Ó wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Bí mi ò bá rí i san, Fúráìdè, ọjọ́ keje oṣù yìí, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa gbé àga tó kù fún ẹlòmíràn.