Àgádágodo Pupa Tí Mo Gbé Wálé

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn tó ń gbé lókè orí yín nínú ilé alájà náà, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n já lù yín lójú oorun. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún wa pé ẹnì kan ń sùn lórí yín, tí ẹlòmíràn tún ń sùn lábẹ́ yín, ni ìyá rẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà àárọ̀. Àwa náà wà. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì, àwọn méjèèjì ló ya olè bí ìyá wọn.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìyá rẹ ló máa ń bá mi di fóònù mú, etí rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò tíì gbọ́ ọ. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Mo yáa tètè sọ ọ́, kí o lè wá ibi jókòó sí.

O ti gbọ́ pé Afínjú fara pa ní kúárì, níbi tí a ti ń fọ́ òkúta. Òun ló ń fi gírísì sára àwọn ẹ̀rọ tí èmi ń tún ṣe, ọdún kọkànlá rèé tí àwa méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú iṣẹ́ tí epo ń wọ eyín èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan búrẹ́dì, á tún fi igi ìṣáná ha abẹ́ èékánná, ìdí tí a fi ń pè é ní Afínjú nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gbé ọ̀gá ààbò tuntun wá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò lè ju àbúrò rẹ lọ. Ó kó gbogbo wa sínú yàrá kan, ó pa iná, ó wá ń fi sinimá hàn wá lára ògiri. Ọkùnrin kan nínú sinimá náà ṣí àpótí iná ẹ̀rọ, ó pa iná rẹ̀, ó fi àgádágodo pupa kọ́ ọ, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Mo rò pé ó ń ta àgádágodo ni. Mo tilẹ̀ sọ fún Afínjú pé ọjà ọkùnrin náà dára, àfi kó má wọ́n jù. Nígbà tí sinimá parí, wọ́n pín in fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan fún ẹni méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa méjì, èmi ni wọ́n gbé e fún, àwòrán mi sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi. Wọn ò fi ojú mi sára nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ní wọ́n ń dúpẹ́ iṣẹ́ ọdún pípẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Mo gbé e wálé, ìyá rẹ jó, a sì fi ti àpótí tí ìwé ẹ̀rí rẹ wà, ó wá so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn.

Àwòrán tí mo ti gbá àgádágodo náà mọ́ àyà yẹn ni o gbé sójú fóònù rẹ, tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá rẹ ni ọ̀gá ẹ̀rọ, o ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ti wò ó. Mo bẹ̀ ọ́, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí o sì gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ọgọ́rùn-ún náà.

Mo máa ń rí àwọn yòókù tí wọ́n ń fi tiwọn kọ́ ara àpótí iná kí wọ́n tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, mo sì máa ń káàánú wọn nínú ara mi pé wọn ò ní ohun gidi kan tí wọ́n lè tì nílé. Ọmọdébìnrin yẹn bi wá lọ́jọ́ náà pé ta ni kò yé. Kò yé mi délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo irun funfun orí mi, mo wo ọjọ́ orí rẹ̀, mi ò nawọ́. Tí mo bá fẹ́ kí ẹ̀rọ dúró, màá pa á, màá sì fi àkísà so ilẹ̀kùn àpótí iná, bí a ti ń ṣe láyé àtijọ́. Ẹ̀yìn ògiri ni àpótí náà wà, Afínjú kì í rí i. Á ké láti abẹ́ ẹ̀rọ pé ṣé kò séwu, màá ní kò séwu.

Lọ́jọ́ tó fara pa, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta, ó ń fi gírísì sí àwọn irin tó ń yí níbẹ̀. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ ti ibi oúnjẹ dé, ó rí àkísà, ó rò pé àkísà ni, ó tú u, ó fi nu ọwọ́, ó tan iná. Igbe Afínjú ni mo gbọ́ tí mo fi sáré pa ẹ̀rọ. Èmi ni mo fà á yọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dé ìdí ọkọ̀. Ìka méjì ti lọ, wọ́n ní mẹ́ta tó kù kò ní lè nà mọ́.

Kí n tó fọ ẹ̀jẹ̀ lára ni ọ̀gá ààbò dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó bi mí pé àgádágodo wa dà. Ìgbà yẹn gan-an ni sinimá ọjọ́ náà tó yé mi, pé kí ẹnikẹ́ni má baà tan ẹ̀rọ tí èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi àgádágodo kọ́ àpótí iná. Ẹnu mi ṣáájú orí mi, mo ní mo fi kọ́ ọ, mo ní Afínjú ló fúnra rẹ̀ ṣí i nítorí ó ń kánjú, mo ní ó ti já bọ́ sáàárín òkúta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyin lohùn.

Ó wá gbé fọ́ọ̀mù fún mi kí n parí rẹ̀. O mọ̀ pé tíṣà tó kọ́ mi níwèé kì í fẹ́ kí á fi àlàfo sílẹ̀. Wọ́n béèrè orúkọ ẹlẹ́rìí, mo kọ tìrẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ, torí ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ jù nínú ilé wa. Wọ́n tún béèrè bí ẹlẹ́rìí ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ tó, mo kọ ọ́ pé ìrìn ọjọ́ kan, bí mọ́tò ò bá bàjẹ́. Ó jọ pé wọn ò tíì kà á dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ìwé ti ilé iṣẹ́ wá fún Afínjú. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé òun ló ṣí àgádágodo, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀, àwọn ò ní sanwó ìtọ́jú, bí ara rẹ̀ bá sì yá, kó má padà wá. Ìyàwó rẹ̀ wá sílé wa, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ pé mo gba ọkọ òun là. Mo lọ kí i lórí ibùsùn, òun náà tún ń bẹ̀ mí. Ó ní kí n má bínú pé òun kó mi sí wàhálà, ó ní òun ò rántí pé òun ṣí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni, torí mi ò parọ́ fún òun rí. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń bi ara òun léèrè ibi tí orí òun lọ. Omi tí wọ́n gbé fún mi, mi ò lè mu ún.

Mo gbé e mọ́ra títí di àná, mo padà lọ lọ́sàn-án, mo sọ ọ́ fún un lójú ìyàwó rẹ̀, láti orí sinimá dé orí àkísà. Ó wá bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé òun kọ́ lòun gbàgbé. Mo ní òun kọ́. Ló bá bú sẹ́kún, ó ń wí pé òun ti rò pé orí òun ti dàrú. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n dìde lórí àpótí òun, kí n máa lọ. Mo dìde.

Lọ́la ni mo ń lọ bá ọ̀gá ààbò. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni màá sọ fún ìyá rẹ, torí mo ní láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, kí n lè gbé àgádágodo náà dání. Bí wọ́n bá pè ọ́ kí n tó débẹ̀, má gbè mí. Ka lẹ́tà yìí fún wọn. O lè fo ìkíni àti ìròyìn ilé, ṣùgbọ́n má fo ibi tí mo ti purọ́.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi, mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí ìyẹn. Ìyàwó Afínjú ni kí o bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí, torí ọjọ́ kejì-kejì ni wọ́n ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ náà. Má dárúkọ mi sí i, kò ní gbà á. Má sì jẹ́ kó gba inú fóònù wa kọjá, ojú fóònù náà ti sán, mo ń bẹ̀rù kí owó má lọ jò dànù lójú ọ̀nà.

Ó ku àdúrà. Ẹnu tí mo fi purọ́ mọ́ Afínjú náà ni mo ní láti fi súre fún ọ, mi ò sì fẹ́ fi irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti bi ìyá rẹ léèrè láti ojú fèrèsé pé kí ni kí n bá a sọ fún ọ. Aṣọ ló ń sá, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ní kí Ọlọ́run pa ọwọ́ rẹ mọ́ nínú iṣẹ́ rẹ, kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má ṣe ọ́ ní ibi. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tèmi ń bọ̀ lọ́la, tí mo bá ti sọ òótọ́ tán.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.