Ọkọ Mi Ti Kú, Ṣùgbọ́n Mo Ṣì Ń Bá A Ya Páìpù

Tóńgólò gààrí kan, agolo tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ti di ẹgbẹ̀rin fàránkì lọ́jà Kétu báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ẹ máa rìn lọ, ẹ má wẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ló máa pè yín padà. Ìmọ̀ràn tèmi fún yín nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí péèjì yìí, ẹ wá fún mi ní tiyín, torí ohun tó wà lọ́rùn mi wúwo ju àpò gààrí lọ... Ọkọ mi kú, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. A ti sin ín. Àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Kùtọnú.

Ẹ má sá. Kì í ṣe àkúdàáyà. Èmi ni.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya páìpù omi tútù fún àwọn ilé ńláńlá. Ilé wa níbí ló ti ń ṣe é, bùrò kan, ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé ní Kùtọnú, ló ń gbé iṣẹ́ fún un, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọn ò fojú kan ara wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀rọ kan máa ń wà lórí òrùlé tó ń sọ omi di tútù nini, páìpù kan á gbé omi yẹn lọ sínú àpótí tó ń fẹ́ atẹ́gùn ní yàrá kọ̀ọ̀kan, páìpù kejì á gbé e padà sókè. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àwa tí à ń so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù lọ pọnmi ní Idigny nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan wà tí wọ́n ń mú omi rìn kiri inú ògiri kí ara lè tù wọ́n!

Ó tó ọdún kan àbọ̀ kó tó kú tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Ọwọ́ tó fi ń yàwòrán kú, ẹnu rẹ̀ ò kú. Ó ní kí n wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Èmi tí mi ò dé ilé ìwé Faransé rí, tó jẹ́ ìwé Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, tí wọ́n kọ́ àwa àgbà nírọ̀lẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà... Ó ní ṣé mo mọ gààrí wọ̀n, mo ní ta lò ń bá sọ̀rọ̀, ó ní ó dáa, ìyẹn náà tó. Bí mo ṣe di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìyẹn. Á jókòó sẹ́yìn mi, á máa sọ, èmi á máa tẹ̀. Bí mo bá ṣi ibì kan tẹ̀, á ní Ìyá Gààrí, ilé onílé lo fẹ́ rì sómi yìí o. Èmi náà á ní kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Èèyàn kì í kàn dìde kó máa fa páìpù. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò: omi wo ló ń lọ, omi wo ló ń bọ̀, àwọ̀ wo ni ti èyí, èwo ni ti ìyẹn, báwo ni páìpù ṣe máa tóbi tó, oríkèé wo ni yóò lò níbi tó bá ti yà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa pariwo pé òun ò mọ ibi tí omi ń gbà. Nítorí tèmi, ọkọ mi yọ gbogbo orúkọ Faransé kúrò nínú ètò yẹn, ó fi ti Nàgó sí i. Ó kọ Àlọ sára èyí tó jẹ́ búlúù, ó kọ Àbọ̀ sára èyí tó pupa. Páìpù tó tóbi jù, ó pè é ní Ọmọ Odó. Èyí tó tẹ̀ lé e, Ọrùn Ọwọ́. Èyí tó kéré jù tó ń wọ yàrá, ó pè é ní Ìka Ìyá Gààrí. Ọkọ ẹlòmíràn á ra góòlù fún un, tèmi fi ìka mi sọ páìpù lórúkọ... ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, á fi ọwọ́ òsì rẹ̀ yí gbogbo orúkọ padà sí Faransé, díẹ̀díẹ̀, kí bùrò má baà mọ̀ pé ìyá tó ń ta gààrí ló ń bá a yàwòrán.

Àárọ̀ Jímọ̀ kan ló kú. Mo wọ opó, oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò gbọdọ̀ lọ sọ́jà. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi nídìí igbá, mo wá jókòó sínú yàrá bí adìẹ tó ń sàba. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní bùrò ni, ọmọ Nàgó ni, láti ìhà Pọ́bẹ̀. Ohùn ló fi ránṣẹ́: bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ṣé ara yín le, ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta kan rèé, ẹ bá wa ya páìpù rẹ̀... Ẹ gbọ́ mi. Odindi ọjọ́ méjìdínlógún, gbogbo ẹni tó wọlé wá, olóògbé ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè bóyá ara rẹ̀ le. Mo gbọ́ ohùn yẹn bí ìgbà mẹ́wàá. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí i pé ó ti kú. Ọwọ́ mi kọ̀. Ohun tí mo kọ ni: Ara le, ọmọ mi, mo ti rí i.

Mo ṣí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí a jọ ṣe kẹ́yìn, mo kó gbogbo ètò inú rẹ̀ sínú ti ilé ìwòsàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí fa páìpù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Àsìkò yẹn nìkan ni mi kì í sunkún. Àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn, alájà méjì ni. Ilé ìwòsàn yìí jẹ́ mẹ́ta. Ìṣirò tí ọkọ mi fi ń mọ̀ bóyá Ọmọ Odó tó, bóyá kò tó, kò kọ́ mi rárá, inú orí rẹ̀ ló wà, ó gbé e lọ. Yàrá ìgbẹ̀bí ló sì wà níbi tí páìpù parí sí. Ṣé omi tútù á dé ọ̀dọ̀ àwọn abiyamọ yẹn? Ṣé ooru ni wọ́n á fi bímọ? Kọ̀ǹpútà ò pariwo, gbogbo rẹ̀ so pọ̀... mo fi ránṣẹ́. Mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ àwọn páìpù padà sí Faransé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn obìnrin yẹn tún wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín débi tó ń wúkọ́. Ó ní "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ta ni Ìyá Gààrí tí ìka rẹ̀ wọ yàrá mọ́kànlélógún?" Ó ní òun ti bá bàbá yí orúkọ wọn padà, ọ̀gá ò mọ̀. Ó ní òun ò tiẹ̀ yẹ títóbi páìpù wò, torí bàbá ò ṣe àṣìṣe rí. Ó ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ra páìpù. Mo bá a rẹ́rìn-ín nídìí fóònù. Ẹ̀rín yẹn ló di ẹkún, tí mi ò lè dákẹ́ títí wọ́n fi kírun ọ̀sán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ òtítọ́, ọkọ mi á kú ní Kùtọnú náà, ibẹ̀ nìkan ló sì kù tí ẹnì kan ti ń kí i. Bí mi ò bá sọ, tí páìpù wá kéré ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àwòrán. Òun tí kò ṣàṣìṣe rí ni wọ́n máa bú nínú sàréè. Ẹ má kọ Ọlọ́run á ṣe é fún mi o, mo ti ń sọ ìyẹn fúnra mi. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe, kí ọjọ́ Ajé tó dé... ṣé kí n pe ọmọ yẹn? Ṣé kí n dákẹ́? Owó iṣẹ́ náà ti wọ orí fóònù ọkọ mi, ọmọ yẹn kí i kú iṣẹ́ sí i, mi ò tíì fọwọ́ kàn án: ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gọ́fà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fàránkì.